Títún Ẹnu Gègé Tí Ó Ti Gbó Ṣe

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí kì í tọ́jú ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnu ọkọ́ òun kú. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa pọ́n ayùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ a sì máa pọ́n abẹ rẹ̀ kí oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni mo rí tí a ń lo ohun èlò wa ní ìlò àlòdànù. Bí báírò bá gbẹ lónìí, a jù ú sí ààtàn, a sì ra òmíràn lọ́la. Èmi kò bú báírò o, nítorí òun ni mo fi ń kọ ìwé ìdánwò mi. Orúkọ ènìyàn pàápàá ni a sì fi ń pè é, èyíinì ni László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n gègé tí a ń fa tàdáwà sí nínú, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní fáńtéènì, kì í ṣe ohun àlòdànù. Ẹnu rẹ̀ a máa gbó, ó sì ṣeé tún ṣe nínú ilé, bí ẹni tí yóò ṣe é bá ní ojú àti sùúrù. Nípa àtúnṣe yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ṣókí, àti nípa ìbéèrè kan tí ó pàdé mi lẹ́nu iṣẹ́ náà, èyí tí mo rò pé ó kan gbogbo wa.

Kí a tó sọ bí a ti ń tún nǹkan ṣe, ó yẹ kí a mọ bí a ti dá a. Àwọn ọmọ ilé-kéú ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi kálámù onígi kọ̀wé sí ara wàláà kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Ọlọ́run tó dé ààrin wa. Ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń gbẹ́ lẹ́nu tí wọ́n sì ń tì bọ tàdáwà. Kálámù àti ìyẹ́ kò nira láti tún ṣe: bí ẹnu rẹ̀ bá ti gbó, a ó fi ọ̀bẹ kékeré gé e, ẹnu tuntun yóò sì yọ. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi irin ṣe ẹnu gègé. Ṣùgbọ́n tàdáwà ayé àtijọ́ kan, a máa jẹ irin dípẹtà. Wúrà kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ìwé a sì máa jẹ ẹ́ kíákíá. Ní ọdún 1803, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Smithson Tennant, rí ohun líle méjì nínú ìdọ̀tí tí ó kù nígbà tí ó yọ́ pílátínọ́mù nínú omi kíkan. Ó pe ọ̀kan ní iridium, ó sì pe èkejì ní osmium. Ní ọdún 1834, John Isaac Hawkins mú àdàlù líle bẹ́ẹ̀, ó sì lẹ hóró kékeré rẹ̀ mọ́ ṣóńṣó ẹnu gègé wúrà. Láti ìgbà náà ni ẹnu gègé tí ó dára ti jẹ́ ohun méjì nínú ọ̀kan: wúrà ni ara rẹ̀, kí ó má baà dípẹtà, hóró líle ni ṣóńṣó rẹ̀, kí ìwé má baà tètè jẹ ẹ́. Hóró náà kò tóbi tó orí abẹ́rẹ́ alórí, ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé olùkọ́ kan nínú ìtàn yìí. George Safford Parker ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ wáyà ní ìlú Janesville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè tó o ná, ó ń ta gègé alátàdáwà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn gègé náà a máa jò, wọ́n a sì máa dà pa aṣọ. Nítorí náà olùkọ́ yìí a máa jókòó, a sì máa tún wọn ṣe fún àwọn ọmọ tí ó rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Láti inú àtúnṣe ni ó ti mọ ibi tí àléébù wọn wà. Ní ọdún 1888 ó dá ilé-iṣẹ́ Parker sílẹ̀. Ní ọdún 1889 ó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lórí gègé tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé títún gègé ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ olùkọ́, ẹ dá a lóhùn pé olùkọ́ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀kan nínú àwọn gègé tí ó lókìkí jùlọ ní ayé.

Parker kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Bàbá bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó sùn nínú Olúwa, gègé rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá àgbà ní ilé wa ní Mushin, a sì fi aṣọ funfun wé e. A kọ 14K sí ara ẹnu rẹ̀: ìtumọ̀ èyí ni pé bí a bá pín ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, mẹ́rìnlá ni ojúlówó wúrà. Gègé yìí ni bàbá fi kọ orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú Bíbélì ilé wa, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí olúkúlùkù, kò sì sí orúkọ kan tí ó kọ láìfi àmì sí i. Ní ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, ìyá àgbà pàṣẹ pé gègé náà ni a ó fi kọ orúkọ ọmọ tuntun ní ọjọ́ kẹjọ, àti pé èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ bàbá ni n ó kọ ọ́.

Mo fọ gègé náà, mo fa tàdáwà sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Bí mo bá fa ìlà wá sí ìsàlẹ̀, ó ń yọ̀ bí òróró. Bí mo bá kọ àmì ìsàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní dò, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ti ẹnu gègé náà sókè láti kọ àmì òkè, èyí tí a ń pè ní mí, ó ń ha, ó ń ya ojú ìwé, ó sì ń kó ẹ̀hun ìwé sí ẹnu. Ohùn ìsàlẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohùn òkè sì di èèwọ̀ fún un. Ẹni tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè má ka èyí sí nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ pé fún wa, àmì kékeré a máa sọ ọkọ obìnrin di ọkọ́ àgbẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Yaba. Orúkọ ọmọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè kọ lábọ̀.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. Mo ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ẹnu gègé yìí, bóyá ẹ lè fi ṣóńṣó tuntun sí i.”

Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, wúrà ni iná mi mọ̀. Ara rẹ̀ yìí, n ó yọ́ ọ kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ṣóńṣó yẹn, iná mi kò ràn án. Bí mo bá sì fi wúrà lásán dí i fún ọ, kò ní pẹ́ tí ìwé yóò fi jẹ ẹ́ tán.”

Òtítọ́ ni ó sọ, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wúrà a máa yọ́ bí ooru bá dé ìwọ̀n 1,064 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n iridium kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,400. Àwọn oníṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń jó hóró tuntun mọ́ ẹnu gègé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ilé kọ́ ni. Ohun tí a lè ṣe nínú ilé ni pé kí a mú díẹ̀ kúrò lára hóró tí ó ṣẹ́kù. Kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè dá ohun tí a bá mú kúrò padà.

Ibi tí mo ti ń ronú lórí èyí ni ìyá àgbà ti pè mí.

Ó ní, “Ọkọ mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ ẹnu gègé bàbá rẹ.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ń ya ìwé ni.”

Ó ní, “Ìwé tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ ni ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá wá lọ̀ ọ́ tán, kí ni ó kù níbẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀?”

N kò rí èsì fọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹnu gègé tuntun wà ní ọjà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó lè rà á. Ṣùgbọ́n gígbó tí èyí gbó, ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó gbó o, ọwọ́ náà sì ti wà nínú ilẹ̀. Bí mo bá lọ̀ ọ́, mo lè pa ohun tí ó kẹ́yìn lára ìwà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Bí n kò bá lọ̀ ọ́, gègé náà yóò padà sínú aṣọ funfun, kò sì ní kọ orúkọ ọmọ kankan mọ́. Èwo ni a ó ṣe nínú méjèèjì?

Mo pinnu láti wò ó dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ aago kan ní Ojúẹlẹ́gba, ní Sùúrùlérè, mo sì rà lọ́wọ́ rẹ̀ awò kékeré tí wọ́n ń fi sí ojú, èyí tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Sùúrù lérè lóòótọ́, nítorí àwọn àgbà tún wí pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Nígbà tí mo wo hóró náà nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, mo rí i pé kò rí roboto mọ́. Ojú pẹlẹbẹ kan wà ní apá òsì rẹ̀, tí ó ń dán bí ojú ọlọ tí a ti fi lọ ata fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Bí bàbá ti ń di gègé mú ni ó wà níbẹ̀ yẹn: ó ń dà á sí òsì díẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ púpọ̀ ju bí èmi ti ń ṣe lọ. Nígbà tí mo mú gègé náà bí bàbá ti ń mú un, tí ojú pẹlẹbẹ náà jókòó lórí ìwé, kò ha mọ́. Nígbà tí mo dá a padà sí bí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, etí ojú pẹlẹbẹ náà ni ó kan ìwé, etí náà sì mú bí abẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe gígbó ni àléébù rẹ̀. Ojú tí ó gbó ni ó dára jùlọ lára rẹ̀. Etí tí ó yí ojú náà ká ni ó ń ya ìwé, nígbà tí ọwọ́ mìíràn bá mú un.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, mo ní, “Màmá, ibi tí ọwọ́ bàbá gbó, n kò ní fọwọ́ kàn án. Etí rẹ̀ nìkan ni n ó pa lẹ́nu.”

Ó ní, “Ẹ̀sọ̀ ni o, ọkọ mi.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti ṣe é wàyí, kí ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ nílé lè mọ ọ̀nà. Èkíní, omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ni a fi ń fọ gègé àtijọ́. Omi gbígbóná a máa ba ara rẹ̀ jẹ́, ọtí líle tí a fi ń nu nǹkan sì lè yọ́ ọ. Èkejì, kí a tó lọ ohunkóhun, a ní láti wo ètè méjèèjì ẹnu gègé náà. Lílà kan wà láàrin wọn tí tàdáwà ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bí ètè kan bá ga ju èkejì lọ, gègé náà yóò máa ha, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Nígbà púpọ̀, ohun tí a ń pè ní gígbó, ètè tí ó wọ́ ni. Èékánná ọwọ́ ni a fi ń rọra tẹ èyí tí ó ga títí wọn yóò fi dọ́gba, a kò sì ní lọ nǹkan kan. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi dọ́gba, nítorí náà ni mo fi tẹ̀síwájú.

Ẹ̀kẹta ni lílọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sáńpépà tí àwọn tí ń kun mọ́tò ń lò kàn án. Òun yóò jẹ ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun tí mo lò ni igi pẹlẹbẹ tí àwọn tí ń tún èékánná ṣe ń lò, èyí tí mo rà ní ọjà Tẹ̀júoṣó ní Yaba. Ó ní ojú mẹ́rin, líle wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí ó rọ̀ jùlọ, tí ó dà bí awọ, tí wọ́n fi ń mú èékánná dán, òun nìkan ni a ó lò. A ó jẹ́ kí tàdáwà wà ní ẹnu gègé náà, kí ó máa tutù. A ó mú un bí a ti ń mú un kọ̀wé, láìtẹ̀ ẹ́, a ó sì máa kọ òǹkà 8 ti àwọn òyìnbó lé orí rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń jẹ. Bí a bá ti kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, a ó dúró, a ó nù ún, a ó fi awò wò ó, a ó sì kọ̀wé díẹ̀ sí orí bébà. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó tún kọ mẹ́wàá mìíràn, bí ó bá yẹ. Ọ̀sán méjì ni mo lò lórí iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró àti wíwò gba àkókò ju lílọ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin, a ní láti mọ ohun tí a ó fi dán an wò. Àwọn ará òkèèrè a máa fa ìlà roboto roboto kiri. Èmi kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ láti òkè ewé dé ìsàlẹ̀, nítorí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí ni àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì abẹ́ wà. Ẹnu gègé tí ó bá kọ wọ́n láìha, tí àmì abẹ́ rẹ̀ kò sì tú ká bí epo lórí aṣọ, ó tó fún èdè wa. Nígbà tí ọkọ́ kọ́kọ́ jáde láìya ìwé, mo mọ̀ pé iṣẹ́ súnmọ́ òpin.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ṣòro jùlọ, ni kí a mọ ìgbà tí a ó dúró. Ó ku ìha díẹ̀, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá kan aṣọ. Ọwọ́ mi ń yún mi láti pa èyí náà rẹ́. Ṣùgbọ́n bí hóró bá dán ju bí ó ti yẹ lọ, kì í di ìwé mú, tàdáwà a sì máa fò, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo fi awò wò ó nígbà ìkẹyìn: ojú pẹlẹbẹ tí bàbá gbó wà níbẹ̀ ní òsì bí ó ti wà, etí rẹ̀ nìkan ni ó ti kú. Mo gbé igi náà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà tí a sì ti sọ ọmọ ní orúkọ, a ṣí Bíbélì ilé sílẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ àwọn orúkọ tí bàbá kọ, mo fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀, ìwé kò sì ya. Ìyá àgbà súnmọ́ ọn, ó wo ìlà bàbá, ó wo ìlà tèmi. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni.” Ó sì ní kí n má ṣe dá gègé náà padà sínú aṣọ, kí n máa fi kọ̀wé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa. Kò sí ọmọ kan tí yóò dé kíláàsì wa ní tuntun gbọ̀n-ọ́n. Ìyá rẹ̀ ti mú un, ìyá àgbà rẹ̀ ti mú un, olùkọ́ ọdún tí ó kọjá ti mú un. Olúkúlùkù ti fi ojú pẹlẹbẹ tirẹ̀ sí i lára. Nígbà tí ọmọ náà bá ń ha lábẹ́ ọwọ́ wa, ó rọrùn fún wa láti rò pé ẹni tí ó mú un ṣáájú wa ni ó bà á jẹ́, kí a sì mú sáńpépà líle láti sọ ọ́ di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ohun tí ó ti gbó lára rẹ̀ ni ó dára, etí ibẹ̀ ni kò bá ọwọ́ wa mu. Etí náà ni kí a wá rí, kí a sì pa á lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, nítorí ohun tí a bá mú kúrò lára ọmọ, kò sí alágbẹ̀dẹ tí iná rẹ̀ lè dá a padà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní gègé bàbá tàbí ti ìyá rẹ̀ tí ó ti di ohun àpótí, kí ó mú un wá sí yàrá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Awò náà wà lórí tábìlì mi. A ó jọ wò ó dáadáa ná, kí a tó fi ohunkóhun kàn án.